Ta ní ń sanwó ọjọ́ iṣẹ́? Ohun tó ń dá bédé tiwa dúró ní Àjàṣẹ́ àti Kétu

Nígbà tí eré aláwòrán Iyanu bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí Cartoon Network ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ní Àjàṣẹ́ wa níbí, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, ń gbé wá bá mi. Orúkọ Yorùbá ni ọmọ inú eré náà ń jẹ́, ìṣe wa ló kún inú rẹ̀. Ìwé aláwòrán, irú èyí tí a ń pè ní bédé, ló sì kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di eré. Roye Okupe, ọmọ Èkó tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, tiwa ńkọ́? Ìgbà wo ni ti Kétu máa jáde? Ṣé àwa ò mọ̀ ọ́n yà ni?"

A mọ̀ ọ́n yà. Lórí tábìlì tí mo ti ń kọ èyí, ojú ìwé kan wà tí àbúrò mi obìnrin kan fi ránṣẹ́ láti Kétu ti Benin níbí. Àkábà Ìdénà ló yà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú náà, ní ìdájí. Àpótí márùn-ún ló wà lójú ìwé náà. Nínú èkíní, ilẹ̀ pupa àti ògiri nìkan lẹ ó rí. Nínú èkejì, ẹsẹ̀ ọmọdébìnrin kan tí kò wọ bàtà. Nínú ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan títí a fi dé àpótí kẹrin, níbi tí ìyá rẹ̀ ti kígbe pè é láti ẹ̀yìn: "Ọmọ mi, má ṣí ilẹ̀kùn yẹn!" Ìtàn ọdún 1886 ni, ọdún tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu tí wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀. Èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ló ń yà á. Ìlú tó ń gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo aráyé ni, ṣé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sọ pé kò mọ bí a ṣe ń fi àwòrán sọ̀rọ̀?

Ojú ìwé 17 ni eléyìí. Ibi tí a ń lọ ni 112. Ojú ìwé kan yìí sì gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé iye tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń gbà ló ń dá bédé dúró. Owó ẹ̀rọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ́n jù nínú ìwé aláwòrán ni ọjọ́ tí ọwọ́ èèyàn fi ń yà á, kò sì sí ẹni tó ń sanwó ọjọ́ yẹn.

Bédé là ń pè é níbí, láti inú lẹ́tà méjì, B àti D, tí àwọn Faransé fi gé orúkọ rẹ̀ kúrú. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní kọ́míìkì. Ó ní èyí tó máa ń jáde ní wẹ́wẹ́ nínú ìwé ìròyìn, bíi Gbich! tó bẹ̀rẹ̀ ní Abidjan ní 1999: ayàwòrán yóò ya ojú ìwé kan tàbí méjì, wọn yóò tẹ̀ ẹ́, àwọn èèyàn yóò rà á, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà náà, ìwé pẹlẹbẹ ni ọ̀pọ̀ ń rà lóṣooṣù. Bó bá pọ̀ tó, wọn á dì í pọ̀ di ìwé ńlá. Èyí tí àwa ń sọ yàtọ̀. Ìtàn tí ẹnìkan rò fúnra rẹ̀ ni, tí kò tíì jáde níbì kankan rí, tó jẹ́ pé odidi ni yóò dé ọwọ́ òǹkàwé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ dùn ún kà nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ lè fi ojú ìwé mẹ́ta gbáko dákẹ́, kó jẹ́ kí ògiri máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ tí yóò fi jáde, kò ní mú kọ́bọ̀ wọlé.

Ẹ wo ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Lọ́jọ́ kìíní, àbúrò mi yóò ka ohun tí mo kọ, yóò ya àpótí kéékèèké sórí ìwé tó tó àtẹ́lẹwọ́, yóò yà á ní fọ́tò, yóò fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. A ó jiyàn. Ó ní kí ìyá náà má tíì yọjú. Mo ní kó yọjú. Òun ló sábà ń jàre. Lọ́jọ́ kejì, pẹ́ńsùlù. Lọ́jọ́ kẹta, tádà. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọ̀ àti ọ̀rọ̀. Ojú ìwé 112 ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 448. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ọdún kan àti oṣù márùn-ún nìyẹn, mi ò tíì ka ọjọ́ àìsàn, mi ò ka ọjọ́ òkú àti ọjọ́ ìyàwó, mi ò sì ka ọjọ́ tí iná bá lọ tí tábúlẹ́ẹ̀tì kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀m, atẹ̀wéjáde tó bá fẹ́ràn ìtàn kan máa ń fún àwọn tó ń ṣe é ní owó ṣáájú. Wọn ò fi tọrẹ o. Bí ìwé bá ti ń tà, wọn á máa yọ ọ́ padà lára owó tó yẹ kó kan òǹkọ̀wé, títí yóò fi pé. Síbẹ̀, owó yẹn ló ń ra gàrí ní àkókò tí a fi ń yàwòrán. Lọ́dọ̀ wa, àwọn atẹ̀wéjáde tó wà ní Kùtọ̀nù àti Àjàṣẹ́ fúnra wọn ń jìjàkadì ni. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ọmọdé ló ń gbé wọn ró, àwọn ìwé tí iye ojú wọn kò pọ̀ tí wọ́n sì mọ ẹni tí yóò rà á. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí kò ní owó ṣáájú kò lè fi ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní ìwé wa jáde, ká tà á ní 5,000 sẹ́fà, ká ní àdéhùn wa jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún fún àwa méjèèjì. 400 sẹ́fà nìyẹn lórí ìwé kan: 200 tèmi, 200 tirẹ̀. Bí ìwé 500 bá tà, 100,000 sẹ́fà ló kàn án. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin Benin láti oṣù kìíní 2023 jẹ́ 52,000. Iṣẹ́ ọdún kan àti oṣù márùn-ún yóò mú owó tí kò pé oṣù méjì wá, fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí ọwọ́ tìrẹ àti tèmi kò mọ̀. Àní ní ilẹ̀ Faransé pàápàá, níbi tí ọjà bédé ti tóbi tó bẹ́ẹ̀, ìwádìí tí États généraux de la bande dessinée, ẹgbẹ́ tó ń wádìí ipò àwọn tó ń ṣe bédé, gbé jáde ní 2016 fi hàn pé ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dáhùn ni owó ọdún wọn kò tó owó iṣẹ́ tó kéré jù níbẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa má rò pé ìyà yìí mọ sí ọ̀dọ̀ wa.

Iṣẹ́ tó ń sanwó wà o. Àjọ tó ń rí sí ìlera ń fẹ́ ìwé aláwòrán lórí ọwọ́ fífọ̀. Òmíràn ń fẹ́ ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti ìdìbò, ti ọmọbìnrin tó yẹ kó lọ sílé-ìwé. Wọ́n ń sanwó, wọ́n sì ń san án lásìkò ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àbúrò mi gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo sì sọ fún un pé kó gbà á. Oṣù mẹ́ta ni ìtàn Àkábà Ìdénà tiwa fi wà ní títì. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn, ohun tí ìtàn náà máa kọ́ èèyàn ni wọ́n ti mú wá kó tó di pé ìtàn wà. Ayàwòrán kò ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dákẹ́, tàbí kó ṣe àṣìṣe tí kò ní àtúnṣe. Bí ọdún márùn-ún bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọwọ́ á mọ́, ṣùgbọ́n ìtàn tó fẹ́ sọ nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún á ti fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń wò ni ti Paris. Kì í ṣe ọ̀nà tí kò gba ẹnikẹ́ni. Marguerite Abouet, tí wọ́n bí ní Abidjan, kọ Aya de Yopougon, Clément Oubrerie yà á, Gallimard gbé e jáde ní 2005, ó sì gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ ní Angoulême, àjọ̀dún bédé ńlá ti ilẹ̀ Faransé, ní 2006. Hector Sonon, ọmọ Benin bíi tiwa, ní ìwé lọ́dọ̀ atẹ̀wéjáde Casterman ní 2012. Inú mi dùn sí i títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìtàn tí Sonon yà jẹ́ ti òǹkọ̀wé ará Faransé, Jean-Claude Derey; Abouet ní tirẹ̀ ti ń gbé ní ilẹ̀ Faransé láti ìgbà èwe. Ẹni tó jókòó sí Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ tó sì fẹ́ fi ìtàn ara rẹ̀ ránṣẹ́, ọ̀nà tirẹ̀ gùn ju ti àwọn méjèèjì lọ.

Ohun tí àwọn atẹ̀wéjáde wọ̀nyẹn máa ń béèrè kò ṣòro láti mọ̀: kí a sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú ìwé kan tàbí méjì, kí a sọ ìdí tí a fi fẹ́ sọ ọ́, kí a fi àwòrán àwọn èèyàn inú rẹ̀ hàn, kí a sì fi ojú ìwé márùn-ún sí mẹ́jọ tó ti parí pátápátá sí i, pẹ̀lú àwọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ kọ nìkan, tí kò ní ayàwòrán, wọn kì í sábà wá ọ̀kan fún un. Àṣìṣe tí mo rí jù lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa nìyí: wọn á kọ ìtàn 200 ojú ìwé tán, wọn á wá máa wá ẹni tó máa yà á lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bẹ yín, ẹ wá ayàwòrán kẹ́ ẹ tó kọ ojú ìwé kẹwàá, kẹ́ ẹ sì bá a pín ohun gbogbo dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí ìwé, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i.

A fi tiwa ránṣẹ́ síbi mẹ́fà. Mẹ́rin ò dáhùn. Ọ̀kan ní kò bá ètò ìwé wọn mu, ó sì sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ìkẹfà, tí mi ò ní dárúkọ, kọ lẹ́tà gígùn sí wa. Wọ́n fẹ́ràn àwòrán náà gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n béèrè bóyá a lè fi òyìnbó kan sínú ìtàn náà, arìnrìn-àjò tàbí oníwàásù, kí àwọn òǹkàwé wọn lè fi ojú rẹ̀ wo Kétu. Mo ronú sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, torí owó ni wọ́n mú lọ́wọ́. Òótọ́ sì ni pé oníwàásù ti dé Kétu ṣáájú ogun yẹn. Ajayi Crowther dé ibẹ̀ ní 1853, òun kì í tilẹ̀ ṣe òyìnbó. Àbúrò mi ló gbẹ̀yìn sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tó wà lẹ́nu ibodè yẹn ti ní ojú tirẹ̀." A kọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wá kàn. Kí ló dé tó jẹ́ ojú ìwé 112, tí kì í ṣe 110? Inú ẹ̀rọ ńlá, bébà fẹ̀. Ojú ìwé mẹ́jọ ló ń gbà níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Wọn á ṣẹ́ ẹ po, wọn á gé e, ó di 16. Ìdí nìyẹn tí bédé àwọn Faransé fi sábà ń jẹ́ ojú ìwé 48: bébà mẹ́ta ni. Tiwa jẹ́ bébà méje. Àwọ̀ mẹ́rin ló ń ṣe gbogbo àwọ̀ tí ẹ ń rí nínú ìwé, aró, àlùkò, yẹ́lò àti dúdú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní pléètì tirẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀, fún ojú bébà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá tẹ ìwé 100, iye pléètì kan náà ni. Bẹ́ ẹ bá tẹ 5,000, iye pléètì kan náà ni. Nítorí náà, ẹni tó bá tẹ díẹ̀ ni ẹ̀rọ ń jẹ ní ìyà jù. Ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà kò nílò pléètì, ó dára fún ìwé 50 tàbí 100, àmọ́ iye tó ń gbà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan kì í wálẹ̀.

Ọ̀kan nínú ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀rọ. A gbé ojú ìwé mẹ́rin lọ síbì kan kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò. Lójú kọ̀ǹpútà, awọ ìyá ọmọ náà pọ́n bíi kòkó tí oòrùn ràn sí. Nígbà tó jáde, ó ti di eérú. Gbogbo èèyàn Kétu inú ìwé náà dà bí ẹni tó ṣàìsàn. Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, tádà ni bébà ń lò, ara wa sì wà láàárín yẹ́lò àti àlùkò pẹ̀lú aró díẹ̀. Bí aró yẹn bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, awọ á sì kú. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ náà ni, pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ohun tí wọ́n lè ṣe wà: kí ayàwòrán yí fáìlì rẹ̀ sí àwọ̀ mẹ́rin ti tádà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún, kí ó sì dín aró kù lára awọ. Àbúrò mi tún gbogbo awọ ojú ìwé 12 kùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ síbẹ̀.

Bébà fúnra rẹ̀, òkèèrè ló ti ń wá. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Àdéhùn kan wà tí UNESCO ṣe ètò rẹ̀ ní 1950, tí wọ́n ń pè ní àdéhùn Florence: ó ní kí ìwé máa kọjá ní ibodè láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé tó ti parí ló sọ. Kò sọ bébà àti tádà tí a fi ń ṣe ìwé. Ìlànà Nairobi ti 1976 ló wá fi ìyẹn kún un, ó sì dọwọ́ orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i. Níbi tí wọn ò bá ti fọwọ́ sí ìkejì, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Yúróòpù lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó fẹ́ tẹ tirẹ̀ nílé sì máa san owó ibodè lórí bébà òfìfo.

Ará Àjàṣẹ́ ní ohun kan tí ará Kùtọ̀nù fi ń jowú wa: Èkó kò jìnnà. Ẹni tó bá kọjá ní Sèmè-Kraké lówùúrọ̀ lè wà ní Ṣómólú lọ́sàn-án, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti pọ̀ bí ọjà ata. Wọ́n gbọ́ èdè wa, wọ́n ń nájà, wọ́n á sì jẹ́ kẹ́ ẹ dúró ti ẹ̀rọ kẹ́ ẹ máa wo àwọ̀. Ìyẹn nìkan tó owó ọkọ̀. Àmọ́ kí ìwé 500 padà kọjá ní ibodè, ìyẹn ni iṣẹ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè pè é ní ìwé, wọ́n sì lè pè é ní ọjà, ó dọwọ́ ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà àti ìwé tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba risíìtì, ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà lórí rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà ISBN, èyí tí a fi ń dá ìwé mọ̀, wà lẹ́yìn ìwé náà. Nọ́ńbà yẹn, Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè tó wà níbí ní Àjàṣẹ́ lẹ ti máa béèrè rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni òfin ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ìwé yín pamọ́ sí. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá ní òun ló ni ìtàn yín, ẹ̀dà yẹn ni ẹlẹ́rìí yín. Kẹ́ ẹ tún forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní BUBEDRA, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè, èyí tí kò sí nínú ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni ń fúnni láti Paris tàbí Amẹ́ríkà, torí kì í ṣe ìṣòro wọn. Ẹ rántí ìyá ọmọ yẹn lẹ́nu ibodè: "Ọmọ mi, má ṣí ilẹ̀kùn yẹn!" Gbólóhùn kan ṣoṣo tó wà lójú ìwé náà nìyẹn. Àbúrò mi mú fọ́ǹtì kan tó rẹwà, ìyẹn irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n dìídì ṣe fún bédé, ó tẹ gbólóhùn náà sínú òbìrìkìtì ọ̀rọ̀, ohun tó jáde ni àpótí òfìfo níbi tí Ọ yẹ kó wà, òmíràn níbi ṣ, òmíràn níbi ẹ̀. Ìyá tó ń ké pe ọmọ rẹ̀ wá dà bí ẹni tí wọ́n di lẹ́nu. Àwọn tó ń ṣe lẹ́tà bédé, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n rò. é àti è wà níbẹ̀. Àmì abẹ́ kò sí. Ibi tí àmì abẹ́ bá tilẹ̀ wà, ẹ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà àti àmì méjì ni wọ́n ń so pọ̀, bí fọ́ǹtì náà kò bá sì mọ bí a ṣe ń so wọ́n, àmì á fò lọ sórí lẹ́tà kejì.

Bẹ́ẹ̀ ni bédé fẹ́ràn lẹ́tà ńlá. Àwọn Faransé sábà máa ń yọ àmì kúrò lórí lẹ́tà ńlá, wọ́n á sì mọ ohun tí wọ́n ń kà. Àwa ńkọ́? Bí mo bá kọ OKO sínú òbìrìkìtì ọ̀rọ̀, ṣé oko ni, àbí ọkọ, àbí ọkọ́, àbí ọkọ̀? Obìnrin tó bá ní "OKO MI DÀ?" lójú ogun, ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tó ń wá.

Lẹ́tà wo gan-an la tiẹ̀ máa fi kọ ọ́? Ní Benin, ìlànà ìkọ̀wé èdè orílẹ̀-èdè tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1975 ní kí a kọ ɛ àti ɔ, kí a kọ sh dípò ṣ, kí a kọ kp níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ p. Ìpàdé di ìkpàdé, ẹṣin di ɛshin. Ẹni tó kọ́ ìwé kíkà ní Yorùbá fún àwọn àgbà ní Kétu mọ èyí. Òǹkàwé ní Abẹ́òkúta kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́ kò sì lè ka èyíkéyìí nínú méjèèjì ní pípé, torí Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ẹni tó bá yan lẹ́tà ti yan ọjà. Àwa yan ti Nàìjíríà fún Yorùbá, nítorí pé ẹni tó ń ra ìwé Yorùbá pọ̀ lọ́hùn-ún, a sì fẹ́ ṣe ti Faransé fún ilé. Mi ò sọ pé a jàre. Àgbà olùkọ́ kan ní Kétu bínú sí mi lórí rẹ̀, mo sì gba ìbínú rẹ̀ gbọ́.

Ohun kan dín ìnáwó ìwé méjì yìí kù, ó sì yẹ kí ẹ gbà á lẹ́nu mi kẹ́ ẹ tó fàwọ̀ kan ọ̀rọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ dúdú, kó sì wà lọ́tọ̀ sí àwòrán nínú fáìlì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tẹ̀, pléètì aró, àlùkò àti yẹ́lò yóò sin èdè méjèèjì. Ti dúdú nìkan lẹ máa pààrọ̀. Bí àwọn atẹ̀wéjáde ńlá ṣe ń tẹ ìwé kan náà ní èdè mélòó kan papọ̀ nìyẹn. Ní ti òbìrìkìtì ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, àbúrò mi fi ọwọ́ kọ ọ́. Ó gbà á ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó sì rẹwà ju lẹ́tà tí a rà lọ.

Kí ni Okupe, ẹni tó kọ Iyanu, ṣe tí àwa ò ṣe? Ó gbé ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ ní 2015, ó lọ sórí Kickstarter níbi tí àwọn òǹkàwé ti ń sanwó kí ìwé tó jáde, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, títí Dark Horse, atẹ̀wéjáde ní Amẹ́ríkà, fi bá a ṣe àdéhùn ìwé mẹ́wàá ní 2021. Ọdún mẹ́fà. Ìfaradà rẹ̀ jọ mí lójú. Ṣùgbọ́n Kickstarter kò gba ẹni tó ń gbé ní Benin láti ṣí irú ètò bẹ́ẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan nínú àwọn tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ ní ilẹ̀ Faransé tó máa bá a dúró, ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Ohun tó ṣí sílẹ̀ fún wa ni owó orí fóònù, MoMo, àti àwọn èèyàn tó mọ̀ wá.

Nítorí náà, ní oṣù tó kọjá, a jókòó, àbúrò mi àti èmi, a gé ìwé náà. Ojú ìwé 112 di ìdá méje, ojú ìwé 16 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bébà kan ṣoṣo ni ìdá kọ̀ọ̀kan, tí a ṣẹ́ po, tí a fi píìnì méjì gún láàárín, tí a máa tà ní 1,000 sẹ́fà. Dípò kó máa dúró fún ọjọ́ 448, lẹ́yìn ọjọ́ 64 ni owó díẹ̀ á kọ́kọ́ wọlé. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Odidi ni mo rò ó, ojú ìwé mẹ́ta tó dákẹ́ sì wà tí a ní láti pín sí méjì. Àwọn ìyàwó ilé méjì ní Ọjà Wàǹdó, àwọn olùkọ́ díẹ̀ ní Pobè àti ẹgbẹ́ ọmọ Kétu tó wà ní Àjàṣẹ́ ti sanwó tiwọn sílẹ̀ lórí fóònù. Orúkọ 83 ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lónìí.

Ìdá kìíní wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, awọ ìyá náà sì pọ́n bó ṣe yẹ kó pọ́n. Ojú ìwé tó wà lórí tábìlì mi yìí, tí mo pè ní 17 lẹ́ẹ̀kan, ti di ojú ìwé kìíní ìdá kejì. Òun ló máa wà níwájú: ilẹ̀ pupa, ògiri, ẹsẹ̀ ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, àti ohùn ìyá rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.